Otto Warburg: Ẹni tó rí oúnjẹ jẹjẹrẹ, tó ṣi ìdí rẹ̀ mọ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Otto Warburg jáde láyé nílùú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ẹni ọdún 86 ni. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Fún ọdún tó lé ní 40, ohun kan náà ló ń tẹnu mọ́: pé òun ti mọ ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbà fún un. Nígbà tó fi máa kú, etí ìkún ni wọ́n ń kọ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ní àwọn ọsibítù ńlá lágbàáyé, bí wọ́n bá gbé aláìsàn wọ inú ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní PET láti wá ibi tí jẹjẹrẹ lúgọ sí nínú ara rẹ̀, ohun tí bàbá yìí rí lára eku ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ẹ̀rọ náà gùn lé.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1883 ni wọ́n bí i nílùú Freiburg, ní gúúsù Jámánì. Òun nìkan ni ọmọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ bí, obìnrin ni àwọn mẹ́ta yòókù. Emil Warburg, bàbá rẹ̀, jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ físíìsì. Ìdílé Júù kan tó lókìkí nínú iṣẹ́ báńkì ló ti wá, àmọ́ ó ti fi ẹ̀sìn Júù sílẹ̀, ó di Kristẹni. Elisabeth, ìyá rẹ̀, kì í ṣe Júù rárá. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí di wàhálà sí Otto lọ́rùn nígbà tó yá.

Ní 1895 ni yunifásítì Berlin fi Emil ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì kó ẹbí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ ìgbà náà ló ń wọlé tí wọ́n ń jáde nílé wọn, àwọn bíi Max Planck, àti Albert Einstein nígbà tóun náà dé Berlin. Ọmọ tó bá dàgbà láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ gbọ́n, á gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Otto gbọ́n, ó sì gbọ́. Ó kọ́ ìmọ̀ kẹ́místrì lọ́dọ̀ Emil Fischer, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902, ó sì gboyè dókítà nínú rẹ̀ ní 1906. Ìyẹn ò tó o. Ó tún kọrí sí ìlú Heidelberg lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó gboyè ìyẹn náà ní 1911. Ohun tó fẹ́ ṣe láyé ti dá a lójú láti kékeré: ó fẹ́ wá ojútùú sí jẹjẹrẹ.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lè ya ènìyàn lẹ́nu. Etí òkun ni, nílùú Naples lórílẹ̀-èdè Ítálì. Ẹranko kan wà nínú òkun tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gún bíi ti òòrẹ̀, tí Òyìnbó ń pè ní sea urchin. Ẹyin ẹranko yìí ni Warburg ń wò. Ní 1908, ó rí i pé bí àtọ̀ akọ bá ti wọ inú ẹyin náà, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ẹyin ń fà á lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́fà. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dàgbà bá ń fa afẹ́fẹ́ tó báyìí, mélòó mélòó ni jẹjẹrẹ, tó ń dàgbà láìmọ ibi tó yẹ kó dúró sí?

Ogun ni kò jẹ́ kó tètè rí ìdáhùn. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Warburg sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọṣẹ́ ológun ẹlẹ́ṣin, ó lọ sójú ìjà níhà ìlà-oòrùn. Ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Iron Cross. Ológun wọ̀ ọ́ lára. Jíjí ní kùtùkùtù, gígun ẹṣin láràárọ̀, kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ọmọ iṣẹ́ sì ṣe é, kò sí èyí tó kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Nígbà tó di 1918 tí ọwọ́ ogun ti ń le mọ́ Jámánì, àyà ìyá rẹ̀ ń já. Àwọn ẹbí bẹ Einstein pé kó bá wọn bá a sọ̀rọ̀. Einstein kọ lẹ́tà sí i lójú ogun. Ó ní kó padà wálé, pé ẹni tó lè dípò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun pọ̀ bíi yanrìn, àmọ́ ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ dè é ní Berlin ò wọ́pọ̀. Warburg gbà, ó padà wálé.

Àdúgbò Dahlem ní Berlin ló ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìwádìí Kaiser Wilhelm. Ẹ̀rọ tó ń lò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìgò kékeré kan ni, tí ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́, omi sì wà nínú ọ̀pá náà. Bí ohun tó wà nínú ìgò bá ń fa afẹ́fẹ́, omi ọ̀pá á gòkè. Bó bá ń tú u jáde, omi á wálẹ̀. Yóò fi abẹ gé ẹran ara sí abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó ìdajì mìlímítà, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè dé àárín rẹ̀, yóò jù ú sínú ìgò, yóò sì máa wo omi. Ìgò àti ọ̀pá yìí làwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé padà ń lò, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é.

Kí ohun tó rí tó lè yé ènìyàn, ó di dandan kí onítọ̀hún mọ bí ara ṣe ń rí agbára. Sẹ́ẹ̀lì ni Ọlọ́run fi mọ ara, bí ìgbà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Búlọ́ọ̀kù yìí kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, ó sì wà láàyè, ó ń jẹ, ó ń mu. Ká sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ààrò méjì. Nínú ààrò ńlá, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ènìyàn ń mí símú ni wọ́n fi ń jó ṣúgà ráúráú, bí igi gbígbẹ ṣe ń jó di eérú. Nínú ààrò kékeré, kò sí iná. Ṣe ni wọ́n ń kan ṣúgà, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò. Èyí kì í ṣe àfiwé lásán o. Ohun tó mú kí omikan ògì máa ta ènìyàn lẹ́nu, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lactic acid, òun náà gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde bó bá lo ààrò kékeré. Èrè wọn ló yàtọ̀. Ẹyọ ṣúgà kan nínú ààrò ńlá á mú ìwọ̀n agbára bíi 30 jáde; nínú ààrò kékeré, 2 péré ni.

Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè láìsinmi mọ bó ṣe ń rí. Bí iṣẹ́ bá le ju afẹ́fẹ́ tó ń dé inú iṣan lọ, iṣan á fi ààrò kékeré kún ti ńlá. Bó bá ti jókòó sábẹ́ igi, tó mí kanlẹ̀ díẹ̀, iṣan á padà sí ààrò ńlá. Louis Pasteur, ará Faransé, ti rí irú rẹ̀ lára ìwúkàrà kí wọ́n tó bí Warburg: bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, kíkan á dínkù.

Warburg wá mú eku tó ní jẹjẹrẹ, ó gé kókó ara rẹ̀, ó jù ú sínú ìgò. Ó ń retí pé omi ọ̀pá á gòkè fíofío bíi ti ẹyin Naples. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí jẹjẹrẹ náà ń fà kò ju ti ẹran ara tó dá ṣáṣá lọ. Ibi tí ó ti ya àràmàǹdà ni ti ṣúgà. Afẹ́fẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ ṣe ni jẹjẹrẹ náà ń kan ṣúgà lọ ràì. Láàárín wákàtí kan, omi kíkan tó tú jáde tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ bí wọ́n bá sá a gbẹ. Ó dà bí ẹni tó kó igi gbígbẹ jọ sẹ́yìnkùlé, tó wá ń fi ewé dáná. Láàárín 1923 sí 1924 lèyí ṣẹlẹ̀.

Àwọn mìíràn lè sọ pé inú ìgò nìyẹn, kì í ṣe inú ara. Tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, Carl àti Gerty Cori, ló dá wọn lóhùn ní 1925. Wọ́n mú adìyẹ tí jẹjẹrẹ wà ní apá rẹ̀ kan, tí apá kejì sì dá pé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde bọ̀ láti apá méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó ti apá jẹjẹrẹ bọ̀ ni ṣúgà rẹ̀ kéré, tí omi kíkan inú rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ Warburg jóòótọ́.

Títí dé ibí yìí, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ohun tó rí, ó rí i. Ìtumọ̀ tó fún un ló di ìjà. Warburg ní ààrò ńlá inú sẹ́ẹ̀lì náà ló ti bàjẹ́, pé nítorí kí ó má baà kú ló ṣe sá sídìí ààrò kékeré, àti pé ìbàjẹ́ yìí gan-an ni orírun jẹjẹrẹ. Gbogbo nǹkan yòókù tí àwọn ènìyàn ń kà sí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ba ààrò yẹn jẹ́ ni. Àlàyé náà mọ́ lójú, ó sì rọrùn láti gbà. Àwọn àlàyé tó rọrùn báyẹn ló máa ń ṣòro jù fún ẹni tó ni wọ́n láti jù sílẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn ló fún un ní òkìkí jù lọ nígbà ayé rẹ̀. Ó fẹ́ mọ irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mú nínú ààrò ńlá. Atẹ́gùn kan wà tí kò ní òórùn, carbon monoxide, èyí tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, tó ń pa àwọn tó bá sùn sínú yàrá tí èéfín náà wọ̀. Warburg rí i pé ó ń dí irinṣẹ́ náà lọ́wọ́, àti pé bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, á tú u sílẹ̀. Ó wá ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń wo èyí tó ń tú u sílẹ̀ jù, títí tó fi mọ̀ pé irin wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n fi san án fún un ní 1931. Bàbá rẹ̀ ò rí i. Oṣù keje ọdún yẹn gan-an ló kú.

Ọdún 1931 náà ló kó wọ ilé ìwádìí tirẹ̀ ní Dahlem, tí owó àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà kọ́. Ilé àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Níbẹ̀, Warburg ni ọba. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò fẹ́ràn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, mẹ́ta nínú àwọn tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ló gba ẹ̀bùn Nobel: Otto Meyerhof, Hans Krebs àti Hugo Theorell. Krebs ló padà ṣàlàyé bí ààrò ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìpele ìpele. Òun náà ló kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn ikú, kò sì fi àṣìṣe ọ̀gá náà pamọ́.

Hitler gorí àléfà ní 1933. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Krebs pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, ó sá lọ sí ìlú Ọba. Ní 1938, Meyerhof náà sá kúrò. Nínú òfin àwọn Násì, ìdajì Júù ni Warburg, nítorí bàbá rẹ̀. Ó lórúkọ tó lè fi rí iṣẹ́ níbikíbi lágbàáyé. Kò lọ. Ilé ìwádìí rẹ̀ wà ní Dahlem, ìgò rẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹṣin rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 1941, ọwọ́ wọn tẹ òun náà: wọ́n ní kó fi ipò sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, àṣẹ jáde láti ọ́fíìsì Hitler pé kó padà, bó bá ti lè gbájú mọ́ ìwádìí jẹjẹrẹ. Àwọn òpìtàn kan gbà pé ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ tó wà lọ́kàn Hitler ló gba Warburg sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá Hitler ní 1907.

Bó ṣe là á já nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn Júù ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù lọ pa. Nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí Berlin, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé Liebenberg ní 1943, níhà àríwá ìlú náà. Àwọn sójà Rọ́ṣíà ló kó irinṣẹ́ náà lọ ní 1945. Lẹ́yìn ogun, àwọn onímọ̀ kan lókè òkun ò fẹ́ rí i sójú. Wọ́n ní báwo ni ọmọ Júù ṣe jókòó sábẹ́ Hitler tó ń jẹ, tó ń mu. Kì í ṣe ẹjọ́ tó rọrùn láti dá. Kò wọ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, kò fara mọ́ ìwà wọn. Ṣùgbọ́n bó bá kan iṣẹ́ rẹ̀, kò jọ pé ohun kan wà láyé tó lè mú kó dìde kúrò nídìí ìgò yẹn. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló ń lo ilé Dahlem lẹ́yìn ogun, ọdún 1950 ni wọ́n tó dá a padà fún un.

Ìwà àìgbàfẹ́nìkan yìí le sí i bó ṣe ń dàgbà. Ní 1948 ó lọ sí Amẹ́ríkà láti bá Robert Emerson, ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, yanjú àríyànjiyàn lórí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ewé ń lò láti fi tú ẹyọ ọ́síjìn kan jáde. Emerson ní ó tó ìwọ̀n mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Warburg ní mẹ́rin ni, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọn ín títí, wọn ò gbọ́ra yé. Ti Emerson ni ayé padà gbà.

Ti jẹjẹrẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 1956 ó tún kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science ní Amẹ́ríkà pé ààrò ńlá tó bàjẹ́ ni orírun jẹjẹrẹ. Lọ́dún yẹn náà ni Sidney Weinhouse dá a lóhùn. Àwọn onímọ̀ ti ní ọ̀nà láti sàmì sí ṣúgà, kí wọ́n lè tọpasẹ̀ rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí i pé iná ń jó dáadáa nínú ààrò ńlá ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ. Kò bàjẹ́. Ààrò méjèèjì ni jẹjẹrẹ ń lò papọ̀. Warburg ò gbà.

Nílé, ohun tó ń ṣe fi hàn pé ó gba ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń bà á. Kò níyàwó, kò bímọ. Òun àti Jacob Heiss, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a bójú tó ilé àti ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́, ni wọ́n jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Búrẹ́dì tí wọ́n bá yan nílé ló ń jẹ, ẹ̀fọ́ inú ọgbà tirẹ̀ tí kẹ́míkà ò kàn ló ń jẹ. Jẹjẹrẹ ò sì pa á. Ní 1968, àkàbà ló já a sílẹ̀ níbi tó ti ń wá ìwé, egungun itan rẹ̀ dá. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní 1970, wọ́n sì sin ín sí Dahlem. Ilé ìwádìí rẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí.

Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ jíìnì ló gba ẹnu gbogbo onímọ̀. Jíìnì ni ìwé àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, wọ́n sì ti rí i pé bí àṣẹ inú rẹ̀ bá dàrú, jẹjẹrẹ lè dé. Ta ló tún ń ro ti ṣúgà? Efraim Racker ló fi orúkọ Warburg pe àṣà kíkan ṣúgà yìí ní 1972. Ní 1976, ní yunifásítì Pennsylvania, wọ́n fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tí wọ́n fi àmì sí, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ibi tí ṣúgà náà ń lọ nínú ara. Láti ibẹ̀ ni àyẹ̀wò PET ti gbilẹ̀. Ibi tí ṣúgà bá kó jọ sí jù á máa tàn bí iná, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ibẹ̀ jẹ́ ibùba jẹjẹrẹ.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ jíìnì fẹsẹ̀ ara wọn rìn padà wá sọ́dọ̀ Warburg. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn jíìnì tó ń ti jẹjẹrẹ síwájú ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa kó ṣúgà wọlé. Ní 2009, Matthew Vander Heiden, Lewis Cantley àti Craig Thompson ṣe àlàyé kan tó bá ọgbọ́n orí mu. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bí sí i kò wá agbára nìkan, ó ń wá ohun èlò tí yóò fi kọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ẹni tó ń kọ́lé ò lè fi gbogbo pákó rẹ̀ dáná. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á kó ṣúgà wọlé púpọ̀, á fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́lé, á sì kan èyí tó kù. Ààrò rẹ̀ ò bàjẹ́. Iṣẹ́ ìkọ́lé tó ń ṣe ló ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ òdì wà tí àwọn ènìyàn fà yọ nínú gbogbo èyí. Àwọn kan ń fi orúkọ Warburg ta oògùn àti omi tí wọ́n ní á pa jẹjẹrẹ, àwọn mìíràn ń sọ fún aláìsàn pé bó bá ti lè yẹra fún ṣúgà pátápátá, ebi á pa jẹjẹrẹ náà kú. Kò sí ìwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kódà bí ènìyàn ò bá fi ṣúgà kan ẹnu, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa ṣe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ọpọlọ ò lè ṣe aláìní in. Aláìsàn tó ti ń rù, tó tún wá ń febi pa ara rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sanwó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Warburg ò lè rí nínú ìgò rẹ̀. Kókó jẹjẹrẹ kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan. Agbo ilé ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń so ẹran ara pọ̀ wà níbẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun tó ń dáàbò bo ara náà wà níbẹ̀, inú ìkòkò kan náà sì ni gbogbo wọn ti ń bu oúnjẹ. Ní 2008, Pierre Sonveaux àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi kíkan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó jìnnà sí òpó ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde, àwọn tó sún mọ́ ọn ń jó o nínú ààrò ńlá tiwọn, kí ṣúgà lè kù fún àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tí gbogbo ènìyàn kà sí ìdọ̀tí ti di oúnjẹ. Ní 2016, wọ́n rí i nínú jẹjẹrẹ àmọ́ inú pé àwọn sẹ́ẹ̀lì àdúgbò tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ń wó ara tiwọn jẹ, wọ́n sì ń fi ohun tó ti ibẹ̀ jáde bọ́ jẹjẹrẹ. Ní 2015, àwọn ilé ìwádìí méjì ti kọ́kọ́ ròyìn pé jẹjẹrẹ lè kó ṣúgà jẹ débi tí àwọn ọmọ ogun ara ò fi ní lókun láti jà. Omi kíkan náà sì tún ń ká wọn lọ́wọ́ kò.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù dé. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà fún àwọn eku tó ní jẹjẹrẹ ní ṣúgà tí wọ́n fi àmì sí, wọ́n sì tú kókó náà palẹ̀, wọ́n to sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ní sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe jẹjẹrẹ ló ń gbé ṣúgà jù. Irú kan nínú àwọn ọmọ ogun ara tó wà láàárín rẹ̀ ni. Èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní glutamine ni jẹjẹrẹ ń kó ju gbogbo wọn lọ. Abala ẹran tí Warburg ń jù sínú ìgò láti 1923, gbogbo agbo ilé náà ló wà nínú rẹ̀ papọ̀, omi ọ̀pá ò sì lè sọ fún un èwo nínú wọn ló ń jẹ kí ni.